Ẹnu Lásán Ni Mo Fi Kọ́ Wọn ní Gẹ̀ẹ́sì

Ọdún tí Nàìjíríà yí ọ̀nà ọkọ̀ padà ni mo fi ń ka ọjọ́ orí mi. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò lè mọ̀ ọ́n. Tẹ́lẹ̀, apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà lọ́dọ̀ tiwọn, apá ọ̀tún lọ́dọ̀ tiwa, nítorí òyìnbó tó ṣàkóso wọn àti òyìnbó faransé tó ṣàkóso wa kò gbọ́ ara wọn yé. Bí ọkọ̀ bá ti Ìgólò wọ Ìdìròkò, ó gbọ́dọ̀ fò láti ọ̀tún bọ́ sósì bí ẹni tó ń jó. Lọ́dún náà ni wọ́n ní kí gbogbo wọn bọ́ sọ́tùn-ún. Mo ti tó ọmọ tó ń ru garawa omi láìfi ọwọ́ dì í mú. Àísátù, ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí sílẹ̀, ṣírò rẹ̀ lórí fóònù, ó ní mo ti tó ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Èmi kò ní ìwé ìbí.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n yí ọ̀nà náà gan-an ni bàbá mi mú mi kọjá ẹnubodè. Epo pupa ló ń kó láti Ìfọ̀nyìn níbí lọ tà fún wọn. Ó ní oníbàárà kan ní Ìlaró, obìnrin arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Tíṣà. Ojú Ìyá Tíṣà ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń wá ọmọ tí yóò máa bá a gbé. Bàbá mi ní òun ní ọmọ. Bó ṣe rí nìyẹn, mi ò ní fà á gùn. Lójú ọ̀nà, awakọ̀ wa gbàgbé, ó tún ya sápá òsì, gbogbo ọjà figbe bọnu, "Ọ̀tún! Ọ̀tún o!" Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Ó ní, "Ráfí, o rí i? Àgbà awakọ̀ ń kọ́ ìrìn tuntun. Ohunkóhun tí wọ́n bá kọ́ ọ níbi tí à ń lọ yìí, kọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ ìdágbére tó bá mi sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo rò pé iṣẹ́ ilé ni mo wá ṣe. Iṣẹ́ ilé náà ni lóòótọ́: omi, ìgbálẹ̀, oúnjẹ. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ kí Ìyá Tíṣà, kò dá mi lóhùn. Mo tún kí i. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀, ó sọ nǹkan kan lédè tí mi ò gbọ́ rí, ó sì dúró. Nígbà tí kò gbọ́ ohùn mi, ó ní:

"Láti ìdájí títí oòrùn yóò fi dé àtàrí, a kì í sọ Yorùbá nínú ilé yìí. Ohun tí mo sọ yẹn, tún un sọ."

"Mi ò mọ̀ ọ́n, mà."

"Jáde. Kan ilẹ̀kùn. Wọlé padà, kí o kí mi bí mo ṣe kí ọ."

Mo jáde, mo wọlé, mo sọ ọ́, kò dára. "Jáde." Mo tún wọlé. "Jáde." Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, mo wà níta, mo wà nínú ilé, mo tutù bí adìyẹ, omi tí mo gbé kaná fún ẹ̀kọ hó títí ó fi gbẹ. Nígbà tí mo wá sọ ọ́ tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò yìn mí. Ó kàn ní, "Níbo ni ẹ̀kọ mi wà?"

Kò sí ohun tí o lè mú nínú ilé náà láàárọ̀ bí o kò bá lè pe orúkọ rẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jẹ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, nítorí mi ò mọ ohun tí wọ́n ń pe iyọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin mo mọ̀ ọ́n. Mi ò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà títí dòní.

Àpótí ìwé kan wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Lọ́dún kejì mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ mi ní ìwé kíkà. Ó ní kí n mú ọ̀kan wá. Ó ṣí i, ó gbé e sún mọ́ imú rẹ̀ bí ẹni ń gbóòórùn ọbẹ̀, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó sì pa á dé.

"Ojú mi ti kú," ó ní, "ẹnu mi kò tíì kú. Èyí tó ṣẹ́kù ni n ó fi kọ́ ọ."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ẹnu ló fi kọ́ mi, etí ni mo fi gbà á. Bí mo bá ń ro oúnjẹ nílé ìdáná, ó jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń sọ ìtàn, èmi ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Bí mo bá gé ọ̀rọ̀ kan kúrú, etí rẹ̀ á gbọ́ ọ láàárín ariwo ata díndín. Lọ́jọ́ kan, àwọn àlejò pàtàkì wá kí i. Mo gbé omi wá, mo ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ. Níwájú gbogbo wọn ló ti ní, "Jáde." Mo gbé àwo omi jáde, ojú tì mí, mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń sunkún. Nígbà tí àwọn àlejò lọ, ó fọwọ́ tẹ̀ lé ògiri títí ó fi dé ọ̀dọ̀ mi. Oòrùn kò tíì dé àtàrí. Yorùbá ló fi bá mi sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ tó fún mi ní òfin rẹ̀, ìgbà kan ṣoṣo tó rú u nìyẹn.

"Ráfí," ó ní, "ẹni tí kò bá fẹ́ràn rẹ kò ní ní kí o padà wọlé."

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sọ́dọ̀ wọn, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà fún mi, mo sì padà wálé. Gẹ̀ẹ́sì ń tú lẹ́nu mi bí omi. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ orúkọ mi sára ògiri, mo lè fẹ̀yìn tì í láìmọ̀ pé èmi ni.

Mo fẹ́ Múfútáù, àgbẹ̀ ará Lagbé, olóko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ lọ́ra. A bí Kúbúrá, a bí Ràímì. Ní ọjọ́ ọjà mo máa ń bá àwọn oníṣòwò túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní Ìgólò. Ibẹ̀ ni Ìyá Kàmórù ti gbọ́ mi. Ọmọ Ìgólò ni òun, ṣùgbọ́n Gàbọ́ọ̀nù ló ń gbé, aṣọ ló ń tà níbẹ̀.

Ó ní, "Àwa obìnrin tó wà lọ́hùn-ún, Èkó ni a ti ń ra ọjà. Àwọn tó ń tajà fún wa kò gbọ́ faransé, ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ Yorùbá. Ìka ni a fi ń sọ̀rọ̀ bí odi. Wá kọ́ wa ní àńgílè." Orúkọ tí àwa ń pe gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, inú faransé ni a ti mú un.

Múfútáù ronú lé e fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní, "Lọ fún ọdún méjì. Ilẹ̀ kò ní sá lọ." Kúbúrá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó ń jẹ àkàsà lọ́wọ́ nígbà tí mo ń gun ọkọ̀, ó juwọ́ sí mi pẹ̀lú ewé àkàsà. Ọdún méjì di mẹ́fà.

Bí mo ṣe ń kọ́ wọn nìyí. Mo máa ń tẹ́ ẹní, n ó kó ọjà lé e: ọṣẹ, abẹ́rẹ́, àwo, aṣọ, bàtà ẹsẹ̀ kan. Èmi di ọlọ́jà, wọ́n di oníbàárà. Ẹni tó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, "Jáde. Wọlé padà." Tántì Àńgílè, bí ẹni ní Àǹtí Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ń pè mí. Obìnrin kan wà tó sanra dáadáa, ó máa ń pariwo:

"Tántì Àńgílè, ìdí mi ti tóbi jù fún ẹnu ọ̀nà yìí! Jẹ́ kí n jókòó sọ ọ́!"

"Ìdí kọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Jáde."

"Ọlọ́run á bi ọ́!"

"Á bi mí ní gẹ̀ẹ́sì, n ó sì dá a lóhùn. Jáde."

Gbogbo ilé á wó fún ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn lọ Èkó, ó ná ọjà fúnra rẹ̀, nígbà tó dé ó dì mọ́ mi bí ọmọ ìyá.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi kí n tó lọ ni pé ìgbà ìsinmi gan-an ni iṣẹ́ wa ń gbóná. Bí iléèwé bá ti tì fún fakansí, àwọn oníṣòwò á kó ọmọ wọn wá bá mi. Bí Iléyá tàbí Nówẹ́lì, ìyẹn Kérésìmesì, bá ń bọ̀, àwọn ìyá fúnra wọn fẹ́ lọ ra ọjà ọdún. Ìgbà tí ayé ń darí sílé ni àwa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ro iṣẹ́ olùkọ́ lókèèrè, ẹ béèrè ìyẹn kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n máa san. Iléyá mẹ́fà ni mo ṣe níbẹ̀. A ó kírun, a ó jẹun lọ́dọ̀ Ìyá Kàmórù, tó bá di ìrọ̀lẹ́ n ó tẹ́ ẹní mi. Ní Lagbé, ìyá ọkọ mi kì í gbàgbé ìpín mi. Yóò yọ ọ́ nínú ẹran àgbò, yóò yan án títí ó fi gbẹ, yóò fi ránṣẹ́ sí mi lọ́wọ́ ẹni tó bá ń bọ̀. Ẹran Iléyá á dé bá mi nígbà tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé ọdún. Díẹ̀díẹ̀ ni mo máa ń gé e, mi ò ní fún ẹnikẹ́ni. Ahun ni mo dà lórí ọ̀rọ̀ ẹran yẹn, mo jẹ́wọ́.

Lọ́dún kejì ni mo ní rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì. Ó yí iṣẹ́ mi padà. Mo lè gba ohùn mi sínú kásẹ́ẹ̀tì, kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé e lọ Èkó, kó máa gbọ́ mi lójú ọ̀nà. Òun náà sì ni lẹ́tà mi. Fóònù kò sí ní Lagbé nígbà náà. Mo máa ń bá ilé sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, n ó fi rán ẹni tó bá ń lọ, Múfútáù náà á fi tiwọn ránṣẹ́. Mo máa ń gbọ́ adìyẹ wa tó ń ké lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ bí ohùn Kúbúrá ṣe ń dàgbà lọ́dọọdún láìrí ojú rẹ̀.

Nísinsìnyí mo ní láti sọ ohun kan. Kò sí ẹni tó mọ̀ ní Gàbọ́ọ̀nù pé mi ò mọ̀wé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa mú kàyé, ìwé ìkọ̀wé wọn, wá, wọ́n á ní, "Tántì, kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa." N ó ní, "Ìwé a máa jóná. Gbé e sẹ́nu." Wọ́n gbà pé ọgbọ́n ìkọ́ni mi ni, mo sì jẹ́ kí wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ogún obìnrin ń pè ní olùkọ́, báwo ni yóò ṣe wí pé òun kò lè kọ orúkọ ara òun?

Lọ́dún kẹfà, kásẹ́ẹ̀tì Múfútáù dé. Ó kí mi títí, ó sọ ti oko. Adìyẹ ké. Ó ní:

"Ìyá Kúbúrá, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kùtọ́nù fẹ́ mú ọmọ wa lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tí òun mọ̀, kó máa bá a gbé, kó máa bá a tọ́jú ilé. Ó ní bí Iléyá bá ti kọjá ni òun ó wá mú un. Ọkàn mi kò lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìwọ ni ìyá ọmọ, ìwọ náà sì ti gbé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn rí. Ohun tí o bá wí ni n ó fi dá a lóhùn. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ, á jẹ́ pé o fọwọ́ sí i."

Mo gba ohùn mi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní, "Má jẹ́ kó lọ. Orí ló bá mi ṣe é tí mo fi bọ́ sọ́wọ́ rere. Ta ló mọ̀ bóyá yóò tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì? Jẹ́ kó máa lọ iléèwé rẹ̀. Kúbúrá, ṣé ò ń gbọ́ mi? Mò ń bọ̀. Bí fakansí yìí bá ti parí, mò ń bọ̀ wálé, mi ò sì ní padà mọ́."

Ọkùnrin kan tó jẹ́ ará Ko-Kúmọ̀lú, nítòsí Lagbé, ń lọ sílé fún Iléyá, òun ni n ó fi tilé rán. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni Ìyá Kàmórù ń lọ Èkó, ó ti ní kí n bá òun gba ẹ̀kọ́ ọjà nínà sínú kásẹ́ẹ̀tì. Òwú ni mo máa ń fi dá wọn mọ̀: dúdú fún ẹ̀kọ́, funfun fún ilé. Náílọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo kó wọn sí, ọrùn náílọ̀n ni mo so òwú náà mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn méjèèjì fẹ́ lọ, mo ní kí n tún gbọ́ ohùn mi wò. Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì jáde, mo gbọ́ méjèèjì. Bí mo ṣe parí ni akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn. Mo sáré dá wọn padà sínú náílọ̀n. Òwú wà lára náílọ̀n, kò sí lára kásẹ́ẹ̀tì. Ojú wọn jọra bí ìbejì.

Mi ò mọ nǹkan kan. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ fakansí, mo ń ka ọjọ́ tí n ó lọ sílé. Ó tó oṣù méjì kí Ìyá Kàmórù tó dé láti Èkó. Kò tíì sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ tó fi wá sọ́dọ̀ mi. Ó fa kásẹ́ẹ̀tì yọ nínú àpò.

"Tántì Àńgílè, ọ̀rọ̀ ilé ni o gbé fún mi o. Mo tẹ̀ ẹ́ nínú yàrá tí mo sùn sí l'Ékòó, mo ń retí ẹ̀kọ́, mo gbọ́ 'Má jẹ́ kó lọ.' Mo sunkún títí. Ṣé o ti fi òmíràn ránṣẹ́ sílé?"

Mo jókòó sórí ẹní, láàárín ọṣẹ àti abẹ́rẹ́.

"Kí ló ṣe ọ́? Kí ló dé tí o kò kọ orúkọ sára wọn?"

"Mi ò mọ̀wé."

"O ò kí ni?"

"Ìyá Kàmórù, mi ò mọ̀wé. Mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Ó wò mí. Mo rò pé yóò bú mi, tàbí kó rẹ́rìn-ín. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi nu ojú mi bí ẹni ń nu ọmọdé.

"Èmi náà kò mọ̀ ọ́n," ó ní. "Kàyé tí mo máa ń gbé lọ́wọ́ yẹn, àwòrán ẹja ni mo ń yà sínú rẹ̀. Dìde. Lọ sílé. Èmi ni n ó bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo wọ ọkọ̀ òfúrufú, mo fi àwọn ọmọ fakansí sílẹ̀ láàárín ẹ̀kọ́. Kùtọ́nù ni mo balẹ̀ sí, ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ yà. Ìyá Kùtọ́nù ni gbogbo ilé ń pè é. Mo kúnlẹ̀.

"Áà, ìyàwó wa! Ṣé o ṣì gbọ́ Yorùbá? A jẹ ẹran Iléyá tán, gbogbo wa jókòó sórí ẹní láti gbọ́ ohùn rẹ, ọkọ rẹ tẹ rédíò, àfi gẹ̀ẹ́sì! 'Gúdù mọ́nììn! Gúdù mọ́nììn!' Àwọn ọmọdé ń dá ọ lóhùn. Ìyá wa ní ṣé kò sí nǹkan tó ṣe ọ́ lórí. Ọkọ rẹ yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, kò rí Yorùbá kan níbẹ̀."

"Ìyá Kùtọ́nù, ẹ jọ̀ọ́, Kúbúrá ńkọ́?"

"Oṣù kan gbáko ni ọkọ rẹ fi ń lọ dúró ní Ìgólò bóyá òmíràn á dé. Mo ní, 'Àbúrò, ẹni tó dákẹ́ ti gbà.' Ọmọ ti wà lọ́dọ̀ obìnrin náà. Kò jìnnà síbí."

"Kásẹ́ẹ̀tì ló ṣìnà," ni mo wí.

"Ọkùnrin ará Ko-Kúmọ̀lú yẹn! Aláìnírònú! Ó fi ti ẹlòmíràn jíṣẹ́!"

Mo gbé àpò mi rù. Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ilé náà kì í ṣe ilé búburú, mi ò ní purọ́. Ó ní géètì aláwọ̀ ewé. Mo kan án. Ọmọbìnrin kan tó ga, tó rù, ṣí i, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán mà. Ta ni ẹ ń wá?"

Imú Múfútáù ló wà lójú rẹ̀.

"Kúbúrá ni mò ń wá."

"Èmi ni, mà."

"Èmi ni ìyá rẹ."

Ó dìde, ó sún sẹ́yìn, ó di géètì mú. "Ìyá mi wà ní Gàbọ́ọ̀nù." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó wá ní, "Ohùn yín jọ tiẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ òun, ẹ sọ ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì."

Níbẹ̀, lójú títì, pẹ̀lú àpò mi lórí, mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọjà nínà. Mo kí oníbàárà. Mo béèrè iye aṣọ. Mo ní ó wọ́n jù. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń sọ ọ́ tẹ̀ lé mi. Nígbà tó yá ó ṣáájú mi, ó sọ ọ́ dé òpin láìṣi ọ̀rọ̀ kan, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ìtumọ̀ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Láti Iléyá ló ti ń tẹ̀ ẹ́ títí bàtìrì fi kú. Ohùn mi ló wà níbẹ̀. Ìyẹn ti tó fún un.

Mo ní, "Kì í ṣe ìyẹn ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Ohun tí mo sọ ni pé, má jẹ́ kó lọ. Kúbúrá, mò ń bọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò tètè wá?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò fà á kúrò, kò sì dì mí padà.

A wálé sí Lagbé. Múfútáù kò bá mi jà. Ó kàn ń fọwọ́ kan èjìká mi bó bá ń kọjá, bí ẹni ń wò ó bóyá ògiri ti gbẹ. Ó kọ̀ láti kí ọkùnrin ará Ko-Kúmọ̀lú náà mọ́. Kúbúrá padà sí iléèwé. Fún odindi ọdún kan, "ẹ̀yin" lásán ló ń pè mí, kò pè mí ní ìyá, bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó ti oko dé, ó ru ẹ̀gẹ́, ọrùn rẹ̀ ti ń wọ̀, ó ké láti ẹnu ọ̀nà, "Ìyá mi, ẹ bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ o!" Mo sáré jáde, bàtà kan bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Mi ò jẹ́ kó rí ojú mi.

Mi ò padà sí Gàbọ́ọ̀nù. Abẹ́ páánù kan ní Ìgólò ni mo ti kọ́ni títí ara fi kọ̀. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó wá, àwọn ọlọ́kadà, àwọn oníṣòwò. Kásẹ́ẹ̀tì kú, fóònù dé. Ní báyìí, Ìyá Kàmórù ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi láti Gàbọ́ọ̀nù, kí n tó dìde nílẹ̀ ó ti dé, àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ṣì í gbé. Irinṣẹ́ dára ju tiwa lọ. Etí ni iṣẹ́ náà ṣì wà. Bí o kò bá lè gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti já lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀rọ kò ní bá ọ gbọ́ ọ. Ọjọ́ Iléyá, bí ọba fúnra rẹ̀ bá wá kọ́ àńgílè, mi ò ní tẹ́ ẹní.

Kúbúrá kàwé dé yunifásítì. Gẹ̀ẹ́sì náà ló kọ́, mi ò mọ bóyá kí n dúpẹ́ tàbí kí n tọrọ àforíjì. Nígbà tó yá, iṣẹ́ olùkọ́ pè é lọ sí Kóńgò. Múfútáù ti kú. Àísátù, ọmọ Kúbúrá tó ń kọ èyí, kò tíì lè rìn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n fẹ́ fi í sí. Ó kù ọ̀sẹ̀ kan kí Kúbúrá lọ, mo pe òun àti Ràímì, mo ní kí wọ́n jókòó tì mí.

Mo ní, "Lánàá, mo lọ sí Ko-Kúmọ̀lú. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọkùnrin tí bàbá yín kò kí títí ó fi kú. Kò ṣi iṣẹ́ jẹ́. Ohun tí mo fún un ló jẹ́. Ọwọ́ mi ló ṣi kásẹ́ẹ̀tì dì, mo sì jẹ́ kí ó ru ẹ̀bi náà fún mi láti gbogbo ọdún yìí wá."

Ràímì ní, "Ìyá, ó ti pẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀."

Kúbúrá gbé Àísátù lé itan, ó ń wò mí.

Mo ní, "Mi ò ní ní kí o má lọ. Iṣẹ́ rẹ ni, ó sì jẹ́ iṣẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá dé ọ̀hún, kí o tó kọ́ wọn ní ohun tí o mọ̀, wá ẹnì kan nínú wọn, kí o sọ ohun tí o kò mọ̀ fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọmọbìnrin tó ń kan ilẹ̀kùn mi wọlé, bíró wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúró tì mí nígbà tí mo ń di náílọ̀n. Ó tún bi mí pé, 'Tántì, ṣé kí n bá yín ṣe nǹkan kan?' Mo ní rárá. Òkun kọ́ ló gbà ọ́ lọ́wọ́ mi, Kúbúrá, Ìyá Kùtọ́nù sì kọ́. Ẹnu tó gbọ́ Yorùbá, tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, tó gbọ́ faransé ọjà, kò lè sọ ọ́ ní ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé: Jọ̀ọ́, bá mi kọ orúkọ ọmọ mi sí i, èmi kò mọ̀wé."